Àrùn Ìṣùjọ Ewé Ẹ̀pà: Bí Ó Ṣe Ń Dí Ìdàgbà Ẹ̀pà Lọ́wọ́ àti Bí Ó Ṣe Ń Jẹ Èrè Àgbẹ̀

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ẹ̀pà. À ń sè é, à ń yan án, à ń fi í jẹ gúgúrú, à ń fi í mu gààrí. A sì ń fún òróró rẹ̀, a tún ń sọ gbẹ̀dẹ̀gbẹ́dẹ̀ tí ó kù di kúlíkúlí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ẹni mẹ́wàá nínú wa léèrè ohun tí ó ń mú kí ẹ̀pà ṣù jọ lóko, kí ewé rẹ̀ kéré bí ewé igi tí ọ̀dá dá, kí a sì fà á tu kí a má rí nǹkan kan ní ìdí rẹ̀, ẹni tí yóò fèsì tí ó tọ̀nà kò ní pọ̀. Ọ̀kan a ní ilẹ̀ ti ṣá. Èkejì a ní oòrùn ni ó pọ̀ jù. Ẹ̀kẹta a ní irúgbìn ni kò dára. Òótọ́ ni pé gbogbo nǹkan wọ̀nyí lè ba ẹ̀pà jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀pà kan bá ṣù jọ tí èyí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ebè kan náà sì ń gbilẹ̀, a mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi ilẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi oòrùn. Àrùn ni.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ọ̀ràn àrùn ẹ̀pà ń wá nínú ìwé ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí èdè àti àṣà Yorùbá. Èsì mi ni pé èdè tí a kò bá fi ṣàlàyé iṣẹ́ oko àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kò ní pẹ́ di èdè ìkíni àti orin nìkan. Òkè òkun ni èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àrùn ewéko dé òpin, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi kọ́ mi. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ̀kọ́ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n ń bẹ ní Òṣú, ní Ifẹ̀wàrà, àti ní àwọn abúlé tí ó wà láàárín Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń gbin ẹ̀pà sí àárín àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Bí ìmọ̀ náà kò bá lè dé ọ̀dọ̀ wọn ní èdè tí wọ́n ń sọ, a jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni a rìn láti lọ pọn omi tí a kò gbé dé ilé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fi ẹnu kò lórí orúkọ mẹ́ta. Àrùn tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àrùn ìṣùjọ ni n ó máa pè é, nítorí pé ṣíṣù jọ ewé ni àmì rẹ̀ tí ó hàn jù lọ. Ohun tí ó ń fa àrùn náà, fáírọ́ọ̀sì ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn ti ń pè é nísinsin yìí. Kòkòrò kékeré tí ó ń gbé e láti ara ẹ̀pà kan dé ara èkejì, Aphis craccivora ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní iná-ewé, nítorí pé bí iná orí ti ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni òun náà ń mu omi ara ewé.

BÍ Ẹ̀PÀ TÍ Ó NÍ ÌLERA ṢE Ń DÀGBÀ

A kò lè mọ ohun tí àrùn bàjẹ́ bí a kò bá mọ bí ara líle ti rí. Bí a bá gbin ẹ̀pà tí òjò sì rọ̀ dáadáa, kò ní ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ó tó hù. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ 25 sí ọjọ́ 35, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tan ìtànná aláwọ̀ ìyeyè. Oríkèé, níbi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, ni ìtànná náà ti ń yọ. Bí ìtànná bá ti rọ, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan a yọ ní ìdí rẹ̀, a kọjú sí ìsàlẹ̀, a gún ilẹ̀ wọlé. Ní ṣóńṣó ọ̀pá yìí, nínú òkùnkùn abẹ́ ilẹ̀, ni ẹ̀pà ti ń di ẹ̀pà. Òkè ni ó ti ń tan ìtànná, abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti ń bímọ. Irú ẹ̀pà tí ó yá kánkán a gbó ní nǹkan bí ọjọ́ 90. Irú èyí tí ó pẹ́ lè lo oṣù márùn-ún lórí ilẹ̀.

Nǹkan méjì ni kí á rántí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé ewé ni ilé ìdáná ẹ̀pà: ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ewé fi ń se oúnjẹ, oúnjẹ yìí sì ni ó ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ láti kún inú hóró. Èkejì ni pé bí ẹ̀ka bá ti gùn tó tí oríkèé rẹ̀ sì pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìtànná àti ọ̀pá tí ń wọ ilẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ewé àti ẹ̀ka ẹ̀pà, abẹ́ ilẹ̀ ni ó fọwọ́ kàn.

ÀMÌ ÀRÙN NÁÀ

Oríṣi méjì ni àrùn ìṣùjọ tí ó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú èyí àkọ́kọ́, ewé a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni pé ebi ń pa á, ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ a ṣì wà ní àwọ̀ ewé. Ewé tuntun tí ó ń yọ a kéré, a sì lọ́ pọ̀. Nínú èyí kejì, ewé kò pọ́n rárá. Ó tilẹ̀ dú ju ti ẹ̀pà tí ara rẹ̀ le lọ, ṣùgbọ́n ó kéré, ó sì ki. Nínú méjèèjì, oríkèé a súnmọ́ ara wọn, ẹ̀ka kò ní lè nà, gbogbo igi ẹ̀pà náà a wá ṣù jọ bí òṣùṣù ọwọ̀ tí a gé kúrú.

Oríṣi kejì yìí ni ó máa ń tan àgbẹ̀ jẹ. Ẹni tí ó bá ń wo ẹ̀pà rẹ̀ láti ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó rí i pé ó dú minijọ, lè rò pé ohun gbogbo ń lọ dáadáa, títí di ọjọ́ tí yóò fi fà á tu.

ÀWỌN ỌLỌ́ṢÀ MẸ́TA TÍ WỌ́N MÚLẸ̀

Kí ni fáírọ́ọ̀sì? Kì í ṣe kòkòrò tí ń rìn, kì í ṣe olú, kò sì lè dá wà láàyè fúnra rẹ̀. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí awò amúǹkan-tóbi tí a ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ kò lè fi í hàn. A lè fi í wé ìwé àṣẹ èké tí ẹnìkan mú wọ ilé alágbẹ̀dẹ. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti ka ìwé náà, wọ́n pa ọkọ́ àti àdá tí ọ̀gá wọn ní kí wọ́n rọ tì, wọ́n wá ń da ìwé náà kọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Irin ọ̀gá ni wọ́n ń lò, èédú ọ̀gá ni wọ́n ń jó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀gá kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Báyìí ni fáírọ́ọ̀sì ṣe ń lo ara ẹ̀pà.

Ní ọdún 1907 ni Zimmermann, ará Jámánì, kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àrùn ìṣùjọ, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Ní ọdún 1928, Storey àti Bottomley ṣe àlàyé rẹ̀ ní kíkún, pé fáírọ́ọ̀sì ni, iná-ewé ni ó sì ń gbé e kiri. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, ohun tí gbogbo ènìyàn rò ni pé fáírọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ó wà nídìí ọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1966, Okusanya, ẹni tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ọmọ Yorùbá ni, pẹ̀lú Marion Watson, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ewéko tí fáírọ́ọ̀sì yìí lè mú àti lórí ìwà rẹ̀ bí a bá fi ọwọ́ gbé e láti ara ewéko kan sí òmíràn. Ní ọdún 1968, Hull àti Adams fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì kejì ń bẹ nínú ẹ̀pà náà tí ó ń ran èkíní lọ́wọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1988, Murant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi ẹ̀kẹta hàn. Ọ̀nà tí ó gba nǹkan bí ọgọ́rin ọdún ni èyí, láti ìgbà tí a ti rí àmì àrùn títí di ìgbà tí a mọ gbogbo àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní orúkọ kí ọ̀rọ̀ má bàa dojú rú. Èkíní ni Olùrànlọ́wọ́. Òun nìkan ni ó ní ẹ̀wù, ẹ̀wù yìí sì ni iná-ewé lè gbé sínú ara rẹ̀. Bí Olùrànlọ́wọ́ bá dá wọ ara ẹ̀pà, kì í fi àmì kan tí ó ṣe pàtàkì hàn sójú. Èkejì ni Aláìlẹ́wù. Ó lè bí ara rẹ̀ sí i nínú ẹ̀pà, ó sì lè rìn láti sẹ́ẹ̀lì kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n nítorí pé kò ní ẹ̀wù, kò lè gun iná-ewé jáde kúrò nínú ẹ̀pà tí ó wà. Ẹ̀kẹta ni Ọmọ-ẹ̀yìn. Òun ni ó kéré jù nínú wọn, kò tilẹ̀ lè bí ara rẹ̀ sí i àfi bí Aláìlẹ́wù bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó ń fa ṣíṣù jọ ewé. Irú Ọmọ-ẹ̀yìn tí ó bá wọ inú ẹ̀pà ni ó ń sọ bóyá ewé yóò pọ́n tàbí yóò dú.

Kí ni ó wá so wọ́n pọ̀? Aláìlẹ́wù yá ẹ̀wù Olùrànlọ́wọ́ wọ̀ kí ó lè bá iná-ewé lọ. Bí Ọmọ-ẹ̀yìn kò bá sì sí níbẹ̀, ẹ̀wù yíyá náà kò ní ṣeé ṣe. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ire ni a fi ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ó bá àwọn mẹ́ta yìí mu pẹ̀lú. Ibi tí àṣírí wọn ti tú náà nìyẹn: bí ẹ̀pà kan bá ní Aláìlẹ́wù àti Ọmọ-ẹ̀yìn nínú tí kò ní Olùrànlọ́wọ́, yóò ṣù jọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àrùn rẹ̀ kò lè ràn mọ́ òmíràn. Ibẹ̀ ni ó kú sí.

INÁ-EWÉ, ẸṢIN TÍ ÀRÙN Ń GÙN

Iná-ewé dúdú, ara rẹ̀ ń dán, kò sì tó orí ìṣáná. Abẹ́ ewé àti ọ̀mùnú ẹ̀pà ni ó fẹ́ràn láti máa jókòó sí. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, abo rẹ̀ kò nílò akọ kí ó tó bímọ, ọmọ rẹ̀ a sì di ìyá láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà, ọ̀kan tí ó bà lórí ẹ̀pà lónìí lè di agbo kí oṣù tó parí. Omi dídùn kan a máa jáde ní ìdí rẹ̀ tí èèrà fẹ́ràn láti máa lá. Ẹ fi èyí ṣe àmì: níbi tí èèrà bá ti ń tò gun ẹ̀pà, kí á ṣí abẹ́ ewé rẹ̀ wò.

Iná-ewé kì í gba àrùn yìí ní ìṣẹ́jú kan. Ó ní láti mu omi ara ẹ̀pà tí ó ń ṣàìsàn fún wákàtí bíi mẹ́rin sí mẹ́jọ, kí ó sì tó ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lè kó o ran òmíràn. Ṣùgbọ́n bí àkókò náà bá ti pé, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún un láti kó àrùn bá ẹ̀pà tí ara rẹ̀ le, yóò sì máa ràn án kiri títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Kì í fi í ṣe ogún fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ni yóò lọ mu tirẹ̀. Àwọn oníyẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń gbé àrùn wọ oko láti òde. Àwọn tí kò ní ìyẹ́ ni wọ́n ń gbé e láti ebè dé ebè.

Nǹkan méjì sì wà tí kò gbé e. Àrùn ìṣùjọ kì í gba inú irúgbìn, kì í sì í gba inú ilẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì gidigidi. Ó túmọ̀ sí pé nígbà tí àkókò òjò tuntun bá bẹ̀rẹ̀, kò sí àrùn nínú irúgbìn tí à ń gbìn; láti ara ẹ̀pà mìíràn tí ó wà láàyè níbì kan ni yóò ti wá.

OHUN TÍ ÀRÙN NÁÀ Ń GBÀ LỌ́WỌ́ ÀGBẸ̀

Bí a bá ti lóye bí ẹ̀pà ṣe ń dàgbà, kò ní ṣòro láti lóye bí àrùn yìí ṣe ń jẹ èso. Ewé kéré, ó sì lọ́, nítorí náà oúnjẹ tí ó ń sè dín kù. Oríkèé súnmọ́ ara wọn, ẹ̀ka kò nà, nítorí náà ìtànná kò pọ̀, ọ̀pá tí yóò wọ ilẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn tí wọ́n wọ ilẹ̀ pàápàá kò rí oúnjẹ tó láti kún hóró. Àwọn ènìyàn a máa rò pé nítorí omi ara ewé tí iná-ewé fà mu ni ẹ̀pà kò ṣe so. Lóòótọ́, bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọ́n lè mú kí ẹ̀pà rọ. Ṣùgbọ́n ohun tí iná-ewé mú kúrò nínú ẹ̀pà kò tó nǹkan kan lára ohun tí ó fi sílẹ̀ sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó jù lọ nínú gbogbo àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọjọ́ orí ẹ̀pà nígbà tí àrùn bá dé ni ó ń sọ bí àdánù yóò ti pọ̀ tó. Bí ó bá dé kí ẹ̀pà tó tan ìtànná, gbogbo èso lè lọ tán, kí á má rí hóró kan kó. Bí ó bá dé lẹ́yìn ìtànná ṣùgbọ́n kí hóró tó gbó, a ó rí díẹ̀ kó, ṣùgbọ́n yóò kéré ní iye, yóò sì kéré ní ìwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí hóró ti gbó tán ni ó dé, àdánù rẹ̀ kò tó nǹkan. Àrùn kan náà ni, iná-ewé kan náà ni, oko kan náà ni. Àkókò nìkan ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ń bá àrùn ìṣùjọ jà, ọjọ́ ni ó ń bá díje.

Olùrànlọ́wọ́ tí mo ní kì í fi àmì kan tí ó ṣe pàtàkì hàn, òun náà kì í ṣe aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí Naidu àti Kimmins tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, wọ́n fi hàn pé òun nìkan pàápàá lè dín ìdàgbà ẹ̀pà àti ìwọ̀n hóró rẹ̀ kù. Olè tí kò fọ́ ilẹ̀kùn, olè náà ni.

ỌDÚN 1975

Kí á má bàa rò pé ọ̀rọ̀ ebè mélòó kan ni à ń sọ, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní apá Àríwá Nàìjíríà. Ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Nígbà tí ó di ọdún 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Kano. Láti ìgbà náà ni ẹ̀pà ti ń gba ọ̀nà yìí kọjá lọ sí èbúté Èkó. Àwọn àgbà Òṣogbo tí wọ́n gbé ní ẹ̀bá ibùdókọ̀ mọ̀ bí ọkọ̀ ẹrù tí ó ń ti òkè bọ̀ ti ń gùn tó. Ní Kano, a a máa to àpò ẹ̀pà jọ bí òkè onígun, tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó àti nínú ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ní àwọn ọdún 1960, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ta ẹ̀pà sí òkè òkun jù lọ ní ayé.

Ọ̀dá mú ní ilẹ̀ Sahel láti ọdún 1972 títí dé 1974. Ní ọdún 1975, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń retí pé kí ara tù wọ́n, àrùn ìṣùjọ jà. Ó ba ẹ̀pà orí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí hẹ́kítà 700,000 jẹ́. A sì ṣírò àdánù náà sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 250 dọ́là ti Amẹ́ríkà. Òkè ẹ̀pà Kano kò padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni pé kì í ṣe àrùn nìkan ni ó ṣe é: epo rọ̀bì ti di orísun owó ìjọba, iye tí ìgbìmọ̀ tí ń ra ẹ̀pà ń san fún àgbẹ̀ kò wu àgbẹ̀ mọ́, ọ̀dá náà sì ti sọ ọ̀pọ̀ di aláìní. Ṣùgbọ́n igi tí ó ti ń ṣàárẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń bì ṣubú.

Ohun tí ó dunni jù níbẹ̀ ni pé a ti mọ ẹ̀pà tí ó lè kojú àrùn yìí ṣáájú àkókò náà. Ní ọdún 1952, ní ilẹ̀ Senegal, àrùn ìṣùjọ ba ọ̀pọ̀ oríṣi ẹ̀pà tí àwọn onímọ̀ kó jọ jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ tí a mú wá láti ẹnubodè Burkina Faso àti Côte d'Ivoire dúró gbọingbọin. Nínú ìwọ̀nyí ni a ti mú irú tí a fi ṣe àwọn ẹ̀pà tí ó kojú àrùn. Àbùkù wọn ni pé wọ́n pẹ́ lórí ilẹ̀, òjò ilẹ̀ Kano kò sì pẹ́ tó wọn. Oògùn wà, ṣùgbọ́n kò bá ara aláìsàn náà mu. Ó di ẹ̀yìn ìgbà tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ní Samaru, Zaria, tí ó wà lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti òkèèrè, ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó ní èyí tí ó ń kojú àrùn tí ó sì tún yá. SAMNUT 23, tí a fi lọ àgbẹ̀ ní ọdún 2001, àti SAMNUT 24, tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 2011, wà lára wọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ẹ̀pà tí ó ń kojú àrùn kì í ṣe ẹ̀pà tí àrùn kò lè kàn rárá. Aláìlẹ́wù ni ó ń dènà. Bí Aláìlẹ́wù kò bá sì rí àyè, Ọmọ-ẹ̀yìn kò rí ẹni gbé e. Ṣùgbọ́n Olùrànlọ́wọ́ ṣì lè wọlé.

OHUN TÍ Ó KAN ÒṢÚ

Ẹnìkan lè ní ẹ̀pà Kano kò kan ará Òṣú, nítorí kòkó ni ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti kòkó ni, fáírọ́ọ̀sì kì í ṣe àjèjì síbẹ̀. Àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú, tí a kọ́kọ́ rí ní ilẹ̀ Ghana ní ọdún 1936, tí a sì rí ní Nàìjíríà ní ọdún 1944, fáírọ́ọ̀sì ni. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù igi kòkó ni a sì gé lulẹ̀ ní Ghana nítorí rẹ̀. Àrùn tí ń sọ ewé ẹ̀gẹ́ di abàwọ́n tí ó lọ́ pọ̀, fáírọ́ọ̀sì ni. Èyí tí ń fa ìlà funfun sára ewé àgbàdo, fáírọ́ọ̀sì náà ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní kòkòrò tí ń gbé e. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí ẹ̀pà gan-an fi kàn wá. Ní òkè ọ̀hún, ẹ̀ẹ̀rùn gùn, ẹ̀pà sì gbẹ tán pátápátá láàárín òjò kan àti èkejì. Ní ilẹ̀ wa, òjò ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. A ń gbin ẹ̀pà ní òjò àkọ́rọ̀, a tún ń gbin òmíràn ní òjò àrọ̀kúrò. Èyí tí ó bọ́ sílẹ̀ nígbà ìkórè a sì máa lalẹ̀ hù láàárín ẹ̀gẹ́, ní ẹ̀yìnkùlé, àti ní àkìtàn. Nítorí náà, kò sí oṣù kan nínú ọdún tí a kò ní rí ẹ̀pà tútù níbì kan, ibi tí ẹ̀pà tútù bá sì wà, àrùn ìṣùjọ lè rí ibi sùn. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ dábàá pé láti irú ilẹ̀ olómi bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ òjò ti ń gbé iná-ewé lọ sí ìhà àríwá lọ́dọọdún. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀pà kan ṣoṣo tí a kò fà tu ní ẹ̀yìnkùlé wa lè di ẹ̀rù fún ẹni tí a kò mọ̀ rí.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Oògùn tí ó lè wo ẹ̀pà sàn lẹ́yìn tí ó ti kó àrùn yìí kò sí. Oògùn tí ń pa iná-ewé wà, ṣùgbọ́n ó wọ́n fún ẹni tí ó gbin ebè díẹ̀, ó sì léwu lọ́wọ́ ẹni tí a kò kọ́ bí a ṣe ń lò ó. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n mélòó kan wà tí kò ná ni ní owó púpọ̀.

Èkíní ni kí á tètè gbìn. Bí ẹ̀pà bá ti tan ìtànná kí iná-ewé tó pọ̀, èyí tí ó burú jù ti rékọjá. Kí á sì gbìn ní àkókò kan náà pẹ̀lú àwọn tí oko wọn bá tiwa pààlà, nítorí pé oko tí a pẹ́ gbìn ni iná-ewé oko tí ó ti gbó yóò ṣí lọ bá.

Èkejì ni kí á má ṣe fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ láàárín ẹ̀pà. Ní Mokwa, ní ilẹ̀ Nupe, níbi tí kò jìnnà sí Jebba, ni A'Brook ti ṣe ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1964, tí ó fi hàn pé oko tí a tètè gbìn tí a sì gbìn pọ́ntí kì í ní àrùn tó èyí tí a pẹ́ gbìn tí a sì gbìn fọ́nká. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí iná-ewé bá ń fò, ewé tí ó dá dúró láàárín ilẹ̀ pupa ni ojú rẹ̀ ń tètè rí. Bí ewé bá ti bo ilẹ̀, kì í rí ibi tí yóò bà sí.

Ẹ̀kẹta ni kí á má ṣe kẹ́gàn àṣà àwọn ìyá wa tí ń gbin nǹkan pọ̀ mọ́ ẹ̀pà. Ní ilẹ̀ Malawi, Farrell fi hàn ní ọdún 1976 pé bí a bá gbin irú ẹ̀wà kan sáàárín ẹ̀pà, àrùn kì í tàn kálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé irun wẹ́wẹ́ tí ó rí bí ìwọ̀ lára ewé ẹ̀wà náà a máa há iná-ewé mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni kí á fa gbogbo ẹ̀pà tí ó lalẹ̀ hù tu kí a tó gbin tuntun, kí á sì tètè fa ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí a bá rí tí ó ń ṣù jọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀karùn-ún ni kí á béèrè irúgbìn tí ó ń kojú àrùn lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba. Òjò tiwa pẹ́ ju ti Kano lọ. Èyí tí ó pẹ́ àti èyí tí ó yá lè rí àyè nílẹ̀ wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí kù sí. Ẹ lè fi ebè mẹ́rin péré nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ṣe é. Kí á gbin méjì nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí múlẹ̀, ọ̀kan pọ́ntí, èkejì fọ́nká. Kí á gbin méjì yòókù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan. Kí àwọn ọmọ máa ka iye ẹ̀pà tí ó ṣù jọ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà ìkórè, kí wọ́n wọn ohun tí a kó lórí ebè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka èyí, tí ó sì sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ nílé ní èdè Yorùbá, ti ṣe iṣẹ́ tí ìwé ńlá kò lè ṣe.

Àlejò ni ẹ̀pà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Láàárín ọdún 1500 sí 1600 ni àwọn Potogí mú un wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ayé, ilẹ̀ Áfíríkà àti àwọn erékùṣù tí ó yí i ká nìkan ni àrùn ìṣùjọ ti ń bá a jà. Àrùn tí ilẹ̀ wa nìkan ní, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ni ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n jù lọ, kí wọ́n sì lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi ń kí ara wọn lóko.